Mẹ́sẹ́ńjà Ọgbà Elégédé

Ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà mi, mo ti jẹ ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀ abọ́ méjì kí n tó rántí béèrè ibi tí wọ́n ti já ewé rẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn. N kò ní torí òkú purọ́. Àwọn ìyá ìjọ tó dáná fún wa mọ ọbẹ̀ sè, iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, ẹja inú rẹ̀ kò fọ́. Mo ń lá ìka lọ́wọ́ nígbà tí mo kí Ìyá Ṣọlá, olórí àwọn tó ń dáná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Níbo lẹ ti rí gbọ̀rọ̀ tútù báyìí?"

"Ẹ ò mọ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé yín ni? Ó kún orí ọgbà. Mo ní kí àwọn ọmọbìnrin lọ já a, kó má baà ṣòfò. Àní wọ́n já òdòdó rẹ̀ mọ́ ọn. Òun ló gbé adùn ọbẹ̀ náà jáde."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló bò mí mọ́lẹ̀. Ẹni méjì dì mí mú, wọ́n ní kí n mọ́kàn le, Bàbá ti lọ sinmi. Wọn kò mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ní kí n bá òun ṣọ́ ni mo ti bá wọn jẹ tán, tẹja tẹja.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ̀yin náà má baà rò pé orí mi yí. Elégédé ni gbọ̀rọ̀ ọ̀hún máa so bí wọ́n bá fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìtàkùn kan yẹn ló sì kù nínú ìran elégédé tí ìyá Bàbá gbé wá láti abúlé wọn ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Elégédé pẹlẹbẹ ni, ó dà bíi pé ẹnì kan fi ìka falà sí i lára yíká, inú rẹ̀ sì pọ́n bíi pupa ẹyin. Òjò èṣí mú kí gbogbo tèṣí jẹrà lórí ilẹ̀. Kóró mẹ́ta ló kù nínú agolo Bàbá lọ́dún yìí. Ó gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Eku hú ọ̀kan, ìkejì kọ̀, kò hù, ìkẹta ló gun ọgbà. Bí ìyẹn kò bá so, ó parí nìyẹn. Ẹ lè rí elégédé rà ní ọjà Kpata lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìyẹn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀, ike ni mò ń tà. Korobá, abọ́ ìfọṣọ, ike oúnjẹ tó ní ìdérí. Prámárì fáìfù ni mo bá ìwé dé, mo ní kó máa lọ níwájú, mò ń bọ̀. Bàbá ló tọ́ mi. Òun náà kò kàwé jù mí lọ, síbẹ̀ títí tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀yìnkùlé wa ní Gadumo, àdúgbò etí odò, ni àwọn ọmọ prámárì fọ́ọ̀ ilé ìwé tó kọjú sí wa ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á wọlé, Bàbá á kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíra ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, "Okun o!" Gbogbo wọn á dáhùn, "Okun o!" Ọmọ Ígálà ń bẹ nínú wọn, ọmọ Ẹbira, ọmọ Núpé, ọmọ Haúsá, kò sí èyí tí kì í dáhùn. Bàbá Elégédé ni wọ́n ń pè é.

Mẹ́sẹ́ńjà ni Bàbá nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ń gbé fáìlì láti tábìlì dé tábìlì ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko. Àwọn ọ̀gá máa ń kó àgbẹ̀ jọ láti kọ́ wọn ní nǹkan, Bàbá á gbé omi wọlé fún wọn, kò ní tètè jáde. Á dúró lẹ́bàá fèrèsé bí ẹni tó ń gbọn eruku. Bó ṣe di ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Mo bi í léèrè rí pé ṣé wọn kì í lé e jáde ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n pè sùn," ló wí, "èmi tí wọn kò pè ni mo gbọ́."

Ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ṣáátì kákí rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì máa ń dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, bíi pé elégédé lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá. Nígbà ayé màmá àgbà mi, bí màmá bá ní kó bá òun ra iyọ̀ bọ̀ lọ́nà, á gbé iyọ̀ dé, á dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ dé, á ní, "Mo ti jẹ́ ẹ, sà."

Màmá á ní, "Èwo ni sà? Ta ni sà rẹ?"

"Ẹni tó bá rán mi ni sà mi."

Ohun tí kò fẹ́ rí ni kí èèyàn pẹ́. Ó máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé, á wá ìgbálẹ̀, á bá a gbá a. Òdòdó elégédé sì bá ìwà rẹ̀ mu, nítorí ìdájí ni í là, kí oòrùn tó mú gan-an, ó ti pa ojú dé, ó parí. Nítorí náà, Bàbá sọ fún hẹ́dímísírẹ́sì pé òdòdó kò gbọ́ agogo ilé ìwé, àfi kí àwọn ọmọ máa tètè wá. Àwọn ìyá ọmọ bínú. Ọ̀kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé wa, ó fi ọwọ́ kejì sí ìbàdí.

"Baba, my pikin never chop!"

Bàbá kò gbójú sókè. "Madam, flower sef never chop."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn èyí ló fi ọmọ sílẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni Bàbá wá wo èmi tí mo ṣì ń dì mọ́ra nínú ìpẹ̀lẹ́ mi, tí n kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Iṣẹ́ tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, irọ́ ló máa ń dà."

Ó ní ìjà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Bàbá jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́. Tíṣà tuntun kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ṣúù rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ya òdòdó sára bọ́ọ̀dù, ó kọ orúkọ òyìnbó sí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ há a sórí. Wọ́n há a. Lọ́jọ́ tó kó wọn wá bá Bàbá, Bàbá fa ìtàkùn súnmọ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré tó ń jẹ́ Rèbékà.

"Fi èyí tó ń di èso hàn mí."

Rèbékà wo òdòdó, ó wo Bàbá, ó yíjú, ó na ìka sí ilé ìwé lọ́ọ̀ọ́kán. "Bàbá, ó wà lára bọ́ọ̀dù."

Tíṣà ní ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe, pé ohun tí òun kọ́ wọn ló sọ. Bàbá ní ìyẹn gan-an ló ń dun òun. Wọ́n pariwo mọ́ra wọn lórí ewé gbọ̀rọ̀ títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Tíṣà ní ìwé ni ìwé ń jẹ́. Bàbá ní, "Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù kì í so." Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà bọ́ ṣúù sílẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ ọ̀rinrin pẹ̀lú àwọn ọmọ. Rèbékà ní tirẹ̀ kò tún na ìka sí bọ́ọ̀dù mọ́ láé. Ó wá di ẹni tó ń bá Bàbá jiyàn jù.

Èmi ni mo dá ilé ìwé elégédé yẹn sílẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo fi dá a sílẹ̀. Mo kéré nígbà náà. Mo rí i pé oríṣi òdòdó méjì ni elégédé ń yọ: ọ̀kan ní ọmọ róbótó lábẹ́, ìkejì dúró lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní nǹkan kan. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọ̀lẹ ni èyí tí kò lọ́mọ, ó kàn ń jẹ oúnjẹ àwọn tó lọ́mọ ni. Láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo ń já gbogbo rẹ̀ dà nù. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Kò pẹ́, àwọn ọmọ róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá wá ìdí títí, ó rẹ̀ ẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ayọ̀ sọ fún un pé mo ti ń bá a kó àwọn ọ̀lẹ kúrò.

Mo dúró de pàṣán. Bàbá jókòó sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ké sí gbogbo ọmọ àdúgbò, ó ní, "Ẹ wá, ẹ wá wo iṣẹ́ tí Dúpẹ́ ṣe." Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó já òdòdó kan ṣoṣo tí n kò tíì já, ó bọ́ ẹ̀wù òdòdó náà, ìyẹn ewé yẹ́lò tó yí i ká, ó fi ohun tó wà láàárín rẹ̀ hàn wá, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò bí àtíkè. Ó ní akọ nìyí, àtíkè yìí gbọ́dọ̀ dé ara abo kí ọmọ tó lè dúró. Ó ní oyin ni mẹ́sẹ́ńjà wọn, bí oyin kò bá wá, èèyàn ni yóò gbé e lọ. Gbogbo wa fọwọ́ kàn án, a kun ún símú. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi nígbà tí àwọn yòókù ti lọ kò tíì kúrò létí mi: "Ẹni tí o kò rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọmọ pọ̀n."

Ṣé mo ti sọ ti omi? Odò wọ Gadumo lọ́dún kan, ó bá wa nínú yàrá. Ọkọ̀ ojú omi ló wá kó wa. Oníkálukú gbé ohun tó ṣe iyebíye sí i. Mo di ọjà mi, ọkọ̀ kò gbà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ike: kò rì. Ojú mi báyìí ni abọ́ mi fi tò bí ọmọ ogun, wọ́n dorí kọ ìsàlẹ̀ odò, wọ́n ń bá pẹ́pẹ́yẹ ṣeré. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Bàbá gbé elégédé kan lé itan, ó dì í mú bí ìkókó.

"Bàbá! Ọjà mi ń lọ, ẹ gbé elégédé!"

Ọlọ́kọ̀ ní, "Baba, drop am, e too heavy."

Bàbá ní bí wọ́n bá ní kí ohun kan bọ́ sílẹ̀, òun ni kó bọ́ sílẹ̀. A bá a sọ̀rọ̀ tì.

Wọ́n kó wa sí kíláàsì ilé ìwé kan lórí òkè. Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ kò tíì dé, àwọn ọmọdé ń sunkún. Ẹnì kankan kò dárúkọ elégédé náà, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n mọ ohun tó jẹ́ sí i, mo ń wo ibòmíràn. Bàbá dìde, ó yá ọ̀bẹ, ó là á. Ó fi inú rẹ̀ han àwọn ọmọ kí a tó gbé e kaná, bí kóró ṣe so mọ́ okùn inú rẹ̀ bí ìkókó mọ́ ìwọ́. Gbogbo wọn jẹ, wọ́n sì sùn. Ìwọ̀nba kóró tó lè bo àtẹ́lẹwọ́ ló nù gbẹ, tó kó sápò ṣáátì kákí rẹ̀, ó dé bọ́tìnnì lé e. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín lánàá, ẹ wá fún wọn jẹ lónìí?" Ó ní, "Wọn kò rán mi pé kí n sọ ọ́ sómi. Ẹnu ọmọ ni wọ́n rán mi sí."

Nínú kóró àpò yẹn ni gbogbo elégédé wa láti ìgbà náà ti wá, títí dé mẹ́ta tó ṣẹ́kù, títí dé ọ̀kan tó gun ọgbà.

Nígbà tí kò lè dìde mọ́, èmi ni mò ń lọ wò ó fún un. "Akọ ti yọ?" Mo ní ó ti yọ. "Mélòó?" Mo ní wọ́n pọ̀. Ó pa ojú dé, mo rò pé ó ti sùn. Ó ní, "Akọ ló ń kọ́kọ́ dé. Abo ò ní pẹ́. Oyin kì í yà síbí mọ́ láti ìgbà tí sìmẹ́ǹtì ti gba ilẹ̀. Dúpẹ́, má jẹ́ kí abo dé bá ilé tí kò sẹ́nì kan."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó lọ. Ẹ sì ti gbọ́ ohun tí a fi ìtàkùn ṣe.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo rí orí ọgbà. Gbogbo orí ìtàkùn ni wọ́n ti ké kúrò, ó ku ewé gbígbó díẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ wọlé. Ta ló ní kí wọ́n wá? Rèbékà ló ṣíwájú wọn.

"Okun o, Àǹtí."

"Okun o. Rèbékà, ẹ máa lọ. Ó ti tán."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ibi tí ewé ti so mọ́ ìtàkùn. "Kò tán. Wọ́n kàn gé orí rẹ̀ ni. Bàbá ní orí ni kì í jẹ́ kí apá yọ, àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Ìgbà wo ni apá máa yọ?"

"Bàbá ò sọ ìyẹn."

Ìyà tí mo jẹ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ewúrẹ́ àdúgbò ló lè ròyìn rẹ̀. Mo ń lé wọn bí ẹni lé olè. Òjò ṣú, àyà mi já. Oòrùn mú, àyà mi já. Mo pa ṣọ́ọ̀bù tì. Àwọn oníbàárà ń pè mí: "Oníke, ṣé ìwọ lo kú ni àbí bàbá rẹ?" Ìyá Ṣọlá wá tọrọ àforíjì, mo gbé àga fún un, ṣùgbọ́n mo gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tó ewé kankan.

Apá yọ. Ní gbogbo ibi tí ewé ti so ni wọ́n ti ń yọ. Òdòdó tún bẹ̀rẹ̀, akọ, akọ, akọ ṣáá. Lẹ́yìn náà ni abo kan dé, ọmọ rẹ̀ kò ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ó dàgbà díẹ̀díẹ̀, títí Rèbékà fi wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ní, "Ọ̀la ló máa là." A wá akọ tí yóò là lọ́la. Àwọn tó ti là ti rọ. Ẹyọ kan la rí, ní ìkángun ọgbà. Mo gbójú sókè, àwọsánmà dúdú bí ìdí ìkòkò lápá odò.

"Bí omi bá bọ́ sínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Àtíkè á bàjẹ́ nìyẹn, Àǹtí."

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ike oúnjẹ méjì tó dára jù, mo dorí wọn kodò lé àwọn òdòdó náà, mo fi igi gbè wọ́n, mo fi okùn dì wọ́n mọ́ ọgbà. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, mo ń gbọ́ ọ lórí ike mi, pá pá pá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbàdúrà fún ọjà tí n kò ní tà. Nígbà tó dá, ilẹ̀ ń mọ́, àwọn ọmọ ti wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi ọ̀rá borí. Mo ṣí ike kìn-ín-ní. Abo ti là, inú rẹ̀ gbẹ. Mo ṣí ìkejì. Akọ ti là.

Mo já akọ, mo nà án sí Rèbékà. "Gbà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Bàbá ní ẹ̀yin ni."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ó ní bí òun kò bá sí, Àǹtí Dúpẹ́ ni kó jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ní ẹ ti já akọ rí, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń rí bí kò bá sí."

Mo bọ́ ẹ̀wù òdòdó náà bí Bàbá ṣe bọ́ ọ níjọ́ náà lọ́hùn-ún.

"Ẹ má fi agbára o, Àǹtí! Bí ẹni tó ń kun àtíkè fún ọmọ tuntun ni."

"Pa ẹnu mọ́ kí n lè rí i."

Mo kùn ún.

A ń ka ọjọ́. Bó bá kọ̀, yóò pọ́n, yóò já bọ́. Bó bá gbà, Bàbá máa ń ní ọrùn rẹ̀ yóò tẹ̀, ọmọ náà yóò dorí kodò bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó dúró. Ọjọ́ kejì, mo rí yẹ́lò lára rẹ̀, mo fi ìka nù ún, àtíkè ni. Ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rù láti wò ó, mo ní kí Rèbékà bá mi wò ó.

Ó pẹ́ níbẹ̀. "Àǹtí, ẹ wá."

Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Orí rẹ̀ kọ ilẹ̀, ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ti ju ẹyin adìẹ lọ.

Ó ti tó orí ọmọ ọwọ́ báyìí. Mo ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, n kò sì tíì fọkàn balẹ̀, nítorí òjò ń bẹ, ewúrẹ́ ń bẹ, àwọn ìyá ìjọ sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ ń fò sókè nínú ẹrẹ̀, mo lọ mú ṣáátì kákí Bàbá lórí okùn tí mo sá a sí, mo wọ̀ ọ́ lé ìpẹ̀lẹ́ mi, mo dé bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Mo dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, níwájú ibùsùn tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀.

Mo ní, "Mo ti jẹ́ ẹ, sà."